Ibi Tí Ìtàn Ti Yí Bírí: Fíìmù Kòríà àti Irọ́ Ìjọba

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ló ń bi mí pé kí ló dé tí fíìmù àwọn ará Gúúsù Kòríà fi máa ń yí mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Èèyàn á jókòó, á wò ó fún wákàtí kan ààbọ̀, á ti mọ ẹni tó ṣe ibi àti ẹni tí wọ́n ṣe é sí, lójijì ni gbogbo rẹ̀ á dojú dé. Ẹni tí a rò pé ó wà láàyè ti kú tipẹ́. Ẹni tí a pè ní wèrè ló mọ òótọ́. Àwọn kan ní ọgbọ́n àtipa owó lásán ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ìtàn ilẹ̀ náà ló kọ́ wọn níṣẹ́ yìí, ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí nìyẹn. Mo kìlọ̀ o: màá tú àṣírí fíìmù mélòó kan síta. Ẹni tí kò bá tíì wò wọ́n, kó lọ wò wọ́n ná. Ọ̀rọ̀ yìí ò ní sá lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1960. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú sí ìgboro Seoul nítorí màgòmágó ìbò tí ìjọba Syngman Rhee ṣe. Àwọn ọlọ́pàá yìnbọn fún wọn, ọ̀pọ̀ kú, ṣùgbọ́n kí oṣù náà tó parí Rhee ti gbé ipò sílẹ̀. Atẹ́gùn òmìnira fẹ́ díẹ̀, àmọ́ kò pẹ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1961, ọ̀gágun Park Chung-hee fi ìbọn gbàjọba. Inú àlàfo kékeré yẹn ni Kim Ki-young ti gbé fíìmù rẹ̀ jáde, Hanyeo, ìyẹn Ọmọ Ọ̀dọ̀.

Olùkọ́ orin kan ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé iṣẹ́ aṣọ lórin. Ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ tọ̀sán-tòru kí àwọn náà lè ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, títí àárẹ̀ fi mú un, ni wọ́n bá gba ọmọ ọ̀dọ̀. Olùkọ́ bá ọmọ ọ̀dọ̀ sùn, ó lóyún. Ìyàwó wá rọ̀ ọ́ títí ó fi ju ara rẹ̀ sílẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn kí oyún náà lè wálẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ọmọ ọ̀dọ̀ ló di olórí ilé, òun àti oògùn eku tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọkùnrin ilé náà kú. Níkẹyìn, olùkọ́ àti ọmọ ọ̀dọ̀ gbé májèlé jẹ. Ẹnikẹ́ni á rò pé ó parí nìyẹn. Àfi bí a ṣe padà sí pálọ̀ tí a bá olùkọ́ àti ìyàwó rẹ̀ ní ìjókòó, tí wọ́n ń ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ rárá! Ọkùnrin náà wá kọjú sí àwa òǹwòran, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ọkùnrin tí irú rẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ sí.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìparí yẹn ba fíìmù náà jẹ́, pé ẹ̀rù ló ba Kim tó fi bu omi sí iná tó ti dá. Ẹ tún un wò dáadáa. Ẹnu kan náà tó sọ pé irọ́ ni, òun náà ló ní ó lè ṣẹlẹ̀ sí ọ lálẹ́ òní. Ara ò tuni níbẹ̀ rárá. Bong Joon-ho gan-an ti sọ ọ́ ní gbangba pé fíìmù yìí ràn án lọ́wọ́ nígbà tó ń ṣe Parasite, ẹni tó bá sì rántí àtẹ̀gùn inú fíìmù méjèèjì á mọ̀ pé kì í ṣe àpọ́nlé lásán.

Nígbà tí Park Chung-hee dé, ilẹ̀kùn tì. Òfin fíìmù jáde ní ọdún 1962. Ìjọba á ka ìwé ìtàn kí wọ́n tó ya fíìmù, á tún wo fíìmù náà kó tó dé ilé sinimá. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé Obaltan, fíìmù Yu Hyun-mok tó jáde ní 1961, tí ìyá arúgbó kan tí orí rẹ̀ ti dàrú ti ń pariwo lórí ẹní pé ká máa lọ, ká máa lọ. Ìbéèrè ìjọba ni pé, níbo? Àbí Àríwá Kòríà ló fẹ́ ká lọ? Ẹ ò rí i bí àwọn ológun ṣe mọ ìtumọ̀ wá ju ọ̀jọ̀gbọ́n lọ!

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba fi ń dí ẹnu àwọn oníṣẹ́ fíìmù, òun fúnra rẹ̀ ń pìtàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1980, àwọn sójà Chun Doo-hwan pa àwọn ará ìlú Gwangju ní ìpakúpa. Ohun tí ìjọba sọ fún àwọn yòókù ni pé àwọn kọ́múníìsì àti jàǹdùkú ló dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1987, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan, Park Jong-chul, kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá ní Seoul. Àlàyé tí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ṣe ni pé ẹni tó ń bi í ní ìbéèrè kàn fọwọ́ gbá tábìlì, “pàá!”, ọmọ náà mí “hà!”, ó sì kú. Ẹ fojú inú wo orílẹ̀-èdè odindi tí wọ́n ní kó gba ìyẹn gbọ́. Dókítà tó débẹ̀ sọ̀rọ̀ omi tó rí nílẹ̀, àwọn oníròyìn gbé e, ọlọ́pàá sì jẹ́wọ́ pé inú omi ni wọ́n ti ń tẹ orí rẹ̀ bọ̀. Wọ́n mú ọlọ́pàá méjì, wọ́n ní ó tán. Kò tán o. Ní oṣù karùn-ún, àwọn àlùfáà Kátólíìkì jáde wá sọ pé àwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ju méjì lọ, pé wọ́n kàn fi àwọn méjì yẹn bo àwọn tó kù ni. Àwa máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti eléyìí ò tó oṣù márùn-ún. Ní oṣù kẹfà, ìgboro gbóná, nígbà tó sì di ọjọ́ 29 oṣù náà, ìjọba gbà pé kí àwọn ará ìlú fi ìbò yan ààrẹ fúnra wọn.

Ẹ wo bí ìtàn yẹn ṣe tò: àlàyé kìíní, òtítọ́ tó wó o, lẹ́yìn náà òtítọ́ mìíràn tó wà lábẹ́ òtítọ́ yẹn. Bí wọ́n ṣe ń to fíìmù tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá dàgbà sínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ pé kó má gba ìtàn àkọ́kọ́ gbọ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1996, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè dájọ́ pé àyẹ̀wò tí ìjọba ń ṣe kí fíìmù tó jáde tako òfin. Àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ ní 1987 ti di olùdarí fíìmù. Ni ọdún 2003 bá dé, ọdún kan ṣoṣo tó bí Oldboy ti Park Chan-wook, Janghwa, Hongryeon ti Kim Jee-woon, Ìrántí Ìpànìyàn ti Bong Joon-ho, àti èyí tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀, Save the Green Planet! ti Jang Joon-hwan. Nínú ti Jang, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jí ọ̀gá ilé iṣẹ́ gbé, ó ń fìyà jẹ ẹ́, ó ní kì í ṣe èèyàn, pé láti ìràwọ̀ mìíràn ló ti wá. A mọ̀ pé wèrè ni. Ìgbà tó parí la tó rí i pé òótọ́ ló ń sọ. Jang yìí kan náà ló wá ya fíìmù ikú Park Jong-chul ní ọdún 2017, ó pè é ní 1987. Ẹ̀yin ẹ so ó pọ̀.

Mi ò ní pẹ́ lórí Oldboy, nítorí gbogbo ayé ti sọ ọ́ tán láti ìgbà tó ti gba ẹ̀bùn Grand Prix ní Cannes ní 2004. Ẹ kàn kíyè sí i pé ọdún 1988 ni wọ́n ti ọkùnrin yẹn mọ́lé, ọdún 15 ló lò níbẹ̀, orí tẹlifíṣọ̀n ló sì ti ń wo bí wọ́n ṣe mú Chun Doo-hwan àti bí ọrọ̀ ajé ilẹ̀ náà ṣe dojú dé. Ó rò pé òun ni wọ́n ṣẹ̀. Kò rántí pé ọ̀rọ̀ kan tó sọ lẹ́nu nígbà tó wà níléèwé ló pa ọmọ ẹlòmíràn.

Janghwa, Hongryeon ni mo fẹ́ràn jù. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, ti ìyàwó bàbá tó bo eku lára, tó fi sábẹ́ aṣọ ìbùsùn ọmọ orogún rẹ̀, tó ní ọmọ náà ṣẹ́yún. Wọ́n pa ọmọ náà sómi, àbúrò rẹ̀ bá a lọ. Iwin àwọn méjèèjì wá ń tọ baálẹ̀ ìlú lọ lóru, baálẹ̀ á sì kú sẹ́rù, títí wọ́n fi rí akíkanjú kan tó jókòó gbọ́ wọn. Ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ tó ń jẹ́: àtúngbọ́ ẹjọ́ ni. Kim Jee-woon wá yí i padà. Nínú tirẹ̀, Su-mi àti àbúrò rẹ̀ Su-yeon padà wálé láti ilé ìwòsàn, ìyàwó bàbá ń fojú wọn rí màbo. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ni bàbá sọ ọ́ fún Su-mi pé Su-yeon ti kú. Òun nìkan ló padà wálé. Òun náà ló ń ṣe ìyàwó bàbá tí a rò pé a rí. Wọ́dúróòbù ló wó lu àbúrò rẹ̀ níbi tí ìyá wọn ti pokùn so, Su-mi sì ti bínú jáde nílé ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Ìyàwó bàbá rí i, kò gbé ọwọ́. Ta ló jẹ̀bi? Nínú ìtàn àtijọ́, ìdájọ́ rọrùn. Níbí, kò rọrùn mọ́.

Ó ku Ìrántí Ìpànìyàn. Láàárín 1986 sí 1991, ẹnì kan ń pa àwọn obìnrin ní àgbègbè Hwaseong, mẹ́wàá ni wọ́n kà. Bong, tó ka ìmọ̀ nípa àwùjọ ní Yunifásítì Yonsei, fi ọ̀rọ̀ náà ya fíìmù nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ apànìyàn ọ̀hún. Àwọn ọlọ́pàá inú fíìmù ń lu ọmọkùnrin kan tí làákàyè rẹ̀ ò pé kó lè jẹ́wọ́. Lálẹ́ tí wọ́n nílò sójà láti ṣọ́ abúlé, wọ́n ní àwọn sójà ti lọ tú ìwọ́de ká. Èsì DNA dé láti Amẹ́ríkà, kò bá ẹni tí a ti dá lẹ́bi lọ́kàn wa mu. Kò sí ìyíbírí. Ìyíbírí náà ni pé kò sí. Ọlọ́pàá Park Doo-man kàn wo ojú kámẹ́rà títí iná fi kú, torí Bong gbà pé apànìyàn náà lè wà láàárín àwa tí à ń wò. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ló san owó wò ó.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, DNA mú un. Lee Chun-jae ni, ó ti wà lẹ́wọ̀n láti 1994 nítorí àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó pa. Ó jẹ́wọ́ ẹ̀mí 14. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọbìnrin ọlọ́dún 13 kan tí wọ́n pa ní 1988, ẹjọ́ tí ọlọ́pàá ti kà kún èyí tó ti yanjú, nítorí pé wọ́n ti mú ẹnì kan tó jẹ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ jà. Ó ní wọ́n ò jẹ́ kí òun sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Nǹkan bí ogún ọdún ló lò lẹ́wọ̀n, ìgbà tó fi di 2009. Ìyẹn ni pé ní 2003, nígbà tí gbogbo Kòríà jókòó sínú òkùnkùn ilé sinimá tí wọ́n ń wo ọlọ́pàá tó ń fi ìyà gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu aláìṣẹ̀, ọkùnrin yẹn wà nínú yàrá ẹ̀wọ̀n.

Lee wá jẹ́rìí nílé ẹjọ́ ní 2020. Ó ní òun wo fíìmù náà lẹ́wọ̀n, kò ṣe òun ní nǹkan kan. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ Suwon dá ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ dídùn yẹn láre, adájọ́ sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lórúkọ ilé ẹjọ́.