Ìṣọ̀kan ní Ìgbà Àjàkálẹ̀-Àrùn

Ọ̀rẹ́ mi òǹkàwé, àwọn àgbà wa sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sì tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Bóyá o ti gbọ́ òwe yìí títí ó fi sú ọ. Ìgbà tí àjàkálẹ̀-àrùn bá dé ni ó máa ń yé ènìyàn.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn ọ̀fìnkìn ńlá tí ń jà káàkiri àgbáyé wọ Èkó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba amúnisìn ń wọ ilé dé ilé láti wá aláìsàn, ẹ̀rù wọn sì ba ará ìlú. Àwọn kan gbé aláìsàn wọn pamọ́. Àwọn mìíràn wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sá lọ. Rántí pé ọkọ̀ ojú irin ti dé Òṣogbo láti ọdún 1907. Ibi tí èrò bá ti sọ̀ ni àrùn náà ń bá wọn sọ̀. Olúkúlùkù rò pé òun ń gba ilé òun là. Èmi kò lè dá wọn lẹ́bi pátápátá, nítorí ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tí kò fọkàn tán? Ìṣirò àwọn onímọ̀ ìtàn ni pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó kú ní Nàìjíríà.

Wá wo ọdún 2014. Ní oṣù Keje, arìnrìn-àjò kan láti ilẹ̀ Làìbéríà gbé Ẹ̀bólà dé Èkó kan náà. Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó jáde kúrò ní ilé ìwòsàn. Àrùn náà ran dókítà yìí, ó sì kú ní oṣù Kẹjọ. Àwọn òṣìṣẹ́ wá nǹkan bí 900 ènìyàn tí ó súnmọ́ àwọn aláìsàn kàn, wọ́n sì ń ṣọ́ ara wọn fún ọjọ́ 21. Ẹnì kan nínú wọn yọ́ lọ sí Port Harcourt; dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ kú. Fi ojú inú wo ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí ìdajì wọn bá ṣe bẹ́ẹ̀! Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ṣí ilẹ̀kùn. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 kú, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ìdánwò náà kan Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gan-an ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń ṣòwò ní ilẹ̀ Ivory Coast. Nígbà tí èrò 127 ti ibẹ̀ dé ní òpin oṣù Kẹta, ìjọba tí ó jókòó sí Àbẹ̀rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n wọ ilé. A dá wọn dúró ní Èjìgbò, a yẹ̀ wọ́n wò, a sì rí àrùn náà lára àwọn tí ó ju mẹ́wàá lọ. Ìwọ náà mọ bí a ti í ṣe sí ẹni tí ó ti òkèèrè dé: a ó sáré dì mọ́ ọn, a ó se oúnjẹ, aládùúgbò yóò kún ilé. Ìṣọ̀kan tí ìgbà náà ń bèèrè ni pé kí a jọ fẹnu kò láti má ṣe péjọ. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo dé ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, àwọn tí ètùtù kàn ni ó lọ sí ojúbọ. Èrò tí ì bá kún ibẹ̀ jókòó sí ilé.