Ọjọ́ Kíkà Nínú Ìtọ́jú Abo Ajá Tí Ó Ń Wá Akọ

Láti ìgbà láéláé ni àwọn tí ń sin ajá ti ń ṣọ́ àsìkò tí abo ajá ń wá akọ, èyí tí ó sábà máa ń dé lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tí ojú ara ajá náà á wú, tí ẹ̀jẹ̀ á máa kán, tí àwọn akọ á sì máa gbóòórùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Yálà olówó ajá kò fẹ́ kí ó lóyún rárá ni o, tàbí akọ kan pàtó ni ó fẹ́ kí ó gùn ún, dandan ni kí ó mọ iye ọjọ́ tí àsìkò náà ti lò. Nítorí náà, ìtàn ìtọ́jú yìí kò yà kúrò lára ìtàn ọjọ́ kíkà, ohun tí ó sì fa ìyípadà jù lọ nínú rẹ̀ ni ibi tí ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù, Xenophon, jagunjagun àti òǹkọ̀wé ará Áténì, kọ ìwé kan lórí fífi ajá ṣọdẹ, nínú èyí tí ó ti gba àwọn ọdẹ nímọ̀ràn pé kí wọ́n jẹ́ kí abo ajá sinmi iṣẹ́ nígbà òtútù kí ó lè lóyún. Ó ní ọjọ́ 14 ni àsìkò náà ń gbà, àti pé ìgbà tí ó bá ń rọlẹ̀ lọ ni kí wọ́n mú un lọ bá akọ, nítorí pé ìgbà náà ni oyún máa ń tètè dúró. Aristotle, tí ó gbáyé ní ọ̀rúndún kan náà, ṣàlàyé pé abo ajá kì í gbà fún akọ ní nǹkan bí ọjọ́ 7 àkọ́kọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, bí kò ṣe ní ọjọ́ 7 tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì kò mọ ohun tí ń lọ nínú ikùn ajá, síbẹ̀ ojú tí wọ́n fi ṣọ́ ọ kò tàn wọ́n jẹ.

Ní nǹkan bí ọdún 1780, Lazzaro Spallanzani, àlùfáà àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Pavia ní ilẹ̀ Ítálì, ti abo ajá kan mọ́ yàrá. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fún un ní oúnjẹ àti omi, kọ́kọ́rọ́ yàrá náà kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 tí ajá náà ti wà ní àhámọ́ ni àmì wíwá akọ hàn lára rẹ̀, ṣùgbọ́n Spallanzani mú sùúrù títí di ọjọ́ 23 kí ó tó fi síríńjì kékeré, tí ó ti mú lọ́ wọ́ọ́rọ́, fa àtọ̀ akọ ajá kan sínú ilé ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ 62 lẹ́yìn náà ni ajá náà bí ọmọ mẹ́ta, akọ méjì àti abo kan. Bí kì í bá ṣe àhámọ́ náà, tí ó jẹ́ ìtọ́jú tí ilé èyíkéyìí lè fún ajá rẹ̀, kò sí ẹni tí ì bá gbà pé akọ kankan kò gùn ún.

Ní ọdún 1900, Walter Heape, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pín àyípo abo ẹranko sí ìpele: ìmúrasílẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń wá, ìgbà tí abo ń gba akọ láàyè, ìgbà tí ó tẹ̀ lé e, àti ìsinmi gígùn. Ní ọdún 1931, Herbert Evans àti Harold Cole ní Yunifásítì Kalifọ́níà tẹ iṣẹ́ ńlá kan jáde lórí àyípo ajá, nínú èyí tí wọ́n ti fi ìyípadà sẹ́ẹ̀lì inú ojú ara wé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú àpò ẹyin. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àṣà àwọn oníṣègùn ẹranko ti wá, tí wọ́n ń fi òwú nu inú ojú ara ajá, tí wọ́n sì ń wo ohun tí ó bá mú wá lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé, èyí tí ń wọn progesterone, hòmóònù tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lára ajá kí ẹyin tó já.

Ìgbà yìí ni a wá mọ ibi tí ó yẹ kí kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹyin ajá kì í gbó tán nígbà tí ó bá já, ó ń lo nǹkan bí ọjọ́ 2 sí 3 sí i, àtọ̀ sì lè wà láàyè nínú ilé ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìdí nìyí tí ọjọ́ oyún fi lè wà láàárín 57 sí 72 bí a bá kà á láti ọjọ́ tí akọ gùn ún, ṣùgbọ́n tí kì í jìnnà sí 63 bí a bá kà á láti ọjọ́ tí ẹyin já. Ó tún hàn pé progesterone máa ń wà lára ajá fún nǹkan bí oṣù méjì, ìbáà lóyún, ìbáà má lóyún. Èyí ni ó ń fa oyún èké, tí ọmú ajá á wú láìsí ọmọ nínú, òun náà ni ó sì ń ṣínà fún àrùn tí ọyún fi ń kún inú ilé ọmọ, tí ó lè pa ajá bí a kò bá tètè mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí wúlò fún gbogbo ilé tí abo ajá wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣílẹ̀kùn fún ajá wọn nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń dínkù, tí ó sì ń funfun, nítorí wọ́n rò pé ewu ti kọjá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ọjọ́ náà gan-an ni oyún rọrùn láti dúró jù lọ. Kí àhámọ́ náà máa bá a lọ títí ajá yóò fi kọ akọ pátápátá, kí a sì máa ṣọ́ ọ fún oṣù méjì lẹ́yìn náà, nítorí pé ìtọ́jú tí ó bá dáwọ́ dúró níbi tí ẹ̀jẹ̀ dáwọ́ dúró kò tíì dé ìdajì ọ̀nà.