ÀPÓTÍ ÌRÁNṢỌ AYÉ ỌBABÌNRIN VICTORIA

  Lọ́dún yìí, a ní ká sọ díẹ̀ nínú ìtàn ohun èlò ìránṣọ, nítorí aṣọ tí à ń tà, abẹ́rẹ́ ló ń sọ ọ́ di ohun tí èèyàn ń wọ̀.

Ọbabìnrin Victoria jọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1837 títí di 1901. Láyé ìgbà náà, ìyàwó olówó kì í ṣaláìní àpótí ìránṣọ. Igi dáadáa ni wọ́n fi ń kàn án, wọ́n á fi ìkarahun òkun tó ń dán ṣe ọnà sí i lára, wọ́n á sì fi sílíìkì tẹ́ inú rẹ̀. Ohun gbogbo ló ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀: àlùmọ́gàjí kékeré, òwú, ilé abẹ́rẹ́, àti ìbọ̀ka fàdákà tí wọ́n fi ń ti abẹ́rẹ́ kó má baà gún wọn lọ́wọ́. Lónìí, àwọn èèyàn ń wá irú àpótí bẹ́ẹ̀ kiri láti rà pamọ́. Bí irinṣẹ́ inú rẹ̀ bá pé, owó rẹ̀ á gòkè. Bí wọ́n bá ti fi òmíràn dípò èyí tó sọnù, owó á wálẹ̀. Ẹni tó mọ ọjà á tú u wò kó tó sanwó.

Fàdákà rọ̀, abẹ́rẹ́ a sì máa lu ìbọ̀ka náà. Ní 1884, Charles Horner ará Halifax gba ìwé àṣẹ fún ọgbọ́n tuntun: ó fi irin líle sáàárín fàdákà méjì. Orúkọ tó wá ń jẹ́ lọ́jà ni Dorcas, ìyẹn Dọ́kásì inú Bíbélì, obìnrin Jópà tó ń ránṣọ fún àwọn opó.

Ìlú Redditch ni ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ ti ń wá. Ilé-iṣẹ́ William Avery níbẹ̀ ń fi idẹ ṣe ilé abẹ́rẹ́ bíi labalábá àti ọmọlanke, kí ọjà lè wu oníbàárà. Ọgbọ́n ọjà nìyẹn! Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pọ́n ẹnu abẹ́rẹ́ náà ń fa eruku irin àti òkúta símú. Owó wọn pọ̀, àmọ́ àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ń pa wọ́n ní kékeré.

Àwọn obìnrin tó ń rán ṣẹ́ẹ̀tì jẹun ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń jókòó ti iná àbẹ́là dòru, kò ní àpótí onísílíìkì. Irinṣẹ́ tiwọn, wọ́n lò ó gbó ni. Èyí tí wọ́n fi ṣeré ló ṣẹ́kù tí ayé ń wò; èyí tó bọ́ ọmọ ti run.

Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn bàbá wa ti ń ṣe ọnà sára agbádá kí òyìnbó tó dé. Nígbà tí Anna Hinderer àti ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìránṣọ. Ọ̀pọ̀ ìyá wa ló fi abẹ́rẹ́ rán wa níléèwé.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín: ẹ má ta àlùmọ́gàjí ìyá yín fún onírin àlòkù. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó lò ó àti iṣẹ́ tó fi ṣe, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ọn. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Iṣẹ́ àwọn ìyá wa kò ní parun o. Àṣẹ.