Duane Allman àti Ìpìlẹ̀ Orin Rọ́ọ̀kì Ìhà Gúúsù Amẹ́ríkà

Bí a bá dárúkọ orin rọ́ọ̀kì ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, àsíá kan ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn: àsíá ogun àwọn ìpínlẹ̀ tí ó jagun láti 1861 títí di 1865 kí wọ́n má baà fi ẹrú níní sílẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ àsíá yìí kọ́ ni a bí orin náà sí. Ìgbésí ayé Duane Allman jẹ́rìí sí i.

Ìlú Nashville ní ìpínlẹ̀ Tennessee ni a bí Duane sí ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1946. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí wọ́n yìnbọn pa baba rẹ̀. Ìyá nìkan ni ó tọ́ òun àti Gregg àbúrò rẹ̀ dàgbà. Gregg ni ó kọ́kọ́ mọ gìtá. Ẹ̀gbọ́n kọ́ ọ lọ́dọ̀ àbúrò, ó sì ta á yọ. Orin blúùsì, tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀, ni ó gba ọkàn àwọn méjèèjì. Ní 1968, Duane di ọ̀kan nínú àwọn tí ń ta gìtá ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ FAME ní Muscle Shoals, ìpínlẹ̀ Alabama, níbi tí ó ti ta gìtá sí orin Wilson Pickett àti ti Clarence Carter, aláwọ̀ dúdú méjèèjì.

Ní oṣù kẹta ọdún 1969, ó kó àwọn mẹ́fà jọ ní Jacksonville, wọ́n sì di Allman Brothers Band. Onílù méjì ni wọ́n ní: Butch Trucks, aláwọ̀ funfun, àti Jaimoe, aláwọ̀ dúdú tí ó ti lùlù fún Otis Redding rí. Ohun kékeré kọ́ ni èyí. Ọdún márùn-ún péré ni òfin tí ó fi òpin sí yíya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ ní ilé oúnjẹ àti ilé ìtura tíì pé. Nígbà tí wọ́n dé Macon ní Georgia láìlówó lọ́wọ́, Louise Hudson, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ń ta oúnjẹ níbẹ̀, ni ó bọ́ wọn.

Oṣù kẹta ọdún 1971 ni wọ́n gba ohùn orin wọn sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn Fillmore East ní New York. Ọ̀kan nínú àwọn orin náà gba ìṣẹ́jú 23, ó kún ojú àwo kan tán. Ìgò oògùn kékeré tí Duane ki bọ ìka ni ó fi ń fa ohùn gìtá bí ẹni ń sunkún. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún náà gan-an, alùpùpù gbé e ṣubú ní Macon, ó sì kú ní ẹni ọdún 24.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, bí Lynyrd Skynyrd, ta àsíá ogun náà sí orí ìtàgé. Àsíá lè bo ojú ìtàn, ṣùgbọ́n kò lè pa ohùn inú àwo mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìpìlẹ̀ orin yìí, kí ó tẹ́tí sí ìlù méjì tí ń dún pọ̀ ní Fillmore East. Kò sí ẹni tí ó lè yọ ọ̀kan kúrò kí orin náà má dàrú.