Òògbé Ọ̀sán Nínú Àrùn Parkinson: Ìtàn Ìwádìí Tó Ju Igba Ọdún Lọ

Ní ọdún 1817, James Parkinson, oníṣègùn kan ní Hoxton nílùú London, tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí àìsàn tí ń mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbọ̀n, tí ń mú kí aláìsàn tẹ̀ síwájú bó bá ń rìn. Ènìyàn mẹ́fà péré ni àkọsílẹ̀ náà dá lé, òpópónà ni Parkinson sì ti rí àwọn kan nínú wọn, síbẹ̀ kò gbójú fo ọ̀rọ̀ oorun: ó kọ ọ́ pé gbígbọ̀n náà a máa jí wọn lóru, àti pé bí àìsàn bá ti wọ ara tán, òògbé kì í dá lójú wọn mọ́. Àmì àárẹ̀ ló ka òògbé yìí mọ́, ó sì pẹ́ gan-an kí ìmọ̀ ìṣègùn tó gbà pé ó ní gbòǹgbò tirẹ̀ nínú ọpọlọ, àti pé ohun tí ènìyàn jogún lè lọ́wọ́ sí i.

Jean-Martin Charcot, olùkọ́ni ní ilé ìwòsàn Salpêtrière ní Paris, ló fi orúkọ Parkinson pe àrùn náà. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, William Gowers ní London ti ṣàkíyèsí pé nǹkan bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn ló ní ẹbí tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ti ṣe rí. Èrò pé àrùn náà lè jẹ́ àjogúnbá ti wà nílẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà láti tọpasẹ̀ rẹ̀.

Àjàkálẹ̀ àrùn kan ló kọ́kọ́ so oorun pọ̀ mọ́ àrùn Parkinson nínú ọpọlọ. Ní ọdún 1917, Constantin von Economo ní Vienna ṣàpèjúwe àrùn ọpọlọ tí ń mú ènìyàn sùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà tó yẹ ọpọlọ àwọn tó kú wò, ó rí i pé ibì kan ní ìsàlẹ̀ àárín ọpọlọ ló bà jẹ́ lára àwọn tí oorun borí, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì yè bọ́ ló wá ń gbọ̀n, tí ara wọn le gbagidi, bíi ti alárùn Parkinson. Ní ọdún 1919, Konstantin Tretiakoff fi hàn ní Paris pé agbègbè dúdú kan nítòsí ibẹ̀ ni àrùn Parkinson ń bà jẹ́. Ó hàn gbangba pé ibi tí ń darí ìrìn àti ibi tí ń darí oorun jẹ́ aládùúgbò nínú ọpọlọ.

Ní ọdún 1960, Ehringer àti Hornykiewicz, ní Vienna bákan náà, ṣàwárí pé dopamine, èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ti dín kù gidigidi lára àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Oògùn tí ń rọ́pò rẹ̀ dé, ara tù wọ́n, ṣùgbọ́n ní ọdún 1999 àwọn oníṣègùn ní New York ròyìn aláìsàn mẹ́jọ tí oorun gbé lọ lójijì nídìí ọkọ̀ tí wọ́n ń wà, nígbà tí wọ́n ń lo oríṣi méjì nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀. Láti mọ ẹni tí òògbé rẹ̀ ti kọjá ààlà, àwọn oníṣègùn ń lo ìbéèrè mẹ́jọ tí Murray Johns gbé kalẹ̀ ní Australia ní ọdún 1991: ṣé ẹni náà a máa tòògbé bó bá jókòó tó ń kàwé, bó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, tàbí bí ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ bá dúró díẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ? Máàkì òdo sí mẹ́ta ni wọ́n ń fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju mẹ́wàá lọ nínú mẹ́rìnlélógún, òògbé náà ti pọ̀ jù.

Oògùn nìkan kò tó àlàyé, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń lo oògùn kan náà tí irú oorun bẹ́ẹ̀ kò kọlù. Ní ọdún 2007, ìwádìí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fi hàn pé àrùn náà fúnra rẹ̀ ń pa lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè hypocretin, èròjà tí kì í jẹ́ kí ojú ènìyàn kún fún oorun lọ́sàn-án.

Lórí ọ̀rọ̀ àjogúnbá, ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ìbejì ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1983 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ilẹ̀kùn dé, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí àrùn náà mú ìbejì méjèèjì. Ìdílé kan tó ṣẹ̀ wá láti Contursi ní gúúsù Ítálì ló tún un ṣí: ní ọdún 1997, Mihael Polymeropoulos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí àyípadà kan nínú jíìnì wọn, ìyẹn ìtọ́sọ́nà tí ọmọ ń gbà láti ara òbí tí ń sọ bí ara yóò ṣe máa ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn olùwádìí fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá jíìnì lè sọ ẹni tí yóò máa tòògbé. Ní ọdún 2004, ìwádìí kékeré kan ní Austria fura sí COMT, jíìnì tó níí ṣe pẹ̀lú bí ara ṣe ń fọ́ dopamine. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ aláìsàn tó pọ̀ sí i wò ní ọdún 2006, ìfura náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ oorun lápapọ̀, èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni ti GBA1, jíìnì tí ń darí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń fọ́ irú ọ̀rá kan: àwọn aláìsàn tí àyípadà wà nínú tiwọn ni oorun òru wọn ń dàrú jù, tí wọ́n ń ju ọwọ́ ju ẹsẹ̀ tí wọ́n sì ń pariwo lójú àlá.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti kan Nàìjíríà. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó wà lára àwọn aṣáájú wọn kéde àyípadà kan nínú GBA1 tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọmọ Áfíríkà, tí a kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí lára àwọn ará Yúróòpù. Ẹni tó jogún ẹyọ kan fi nǹkan bí ìlọ́po kan àti ààbọ̀ súnmọ́ àrùn náà ju ẹni tí kò ní in lọ. Ẹni tó jogún méjì, ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń wá jíìnì Parkinson nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun, èyí wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí i.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ìwádìí òògbé ọ̀sán, nítorí ìdáhùn tí a bá fà yọ láti ara ìran kan ṣoṣo kò lè tó gbogbo ayé. Ó sì yẹ kí àwọn ẹbí alárùn Parkinson mọ̀ pé ẹni tó bá ń sùn sórí oúnjẹ kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló fà á. Kí wọ́n sọ ọ́ fún dókítà, kí aláìsàn má sì wa ọkọ̀ títí tí wọn yóò fi yẹ oògùn rẹ̀ wò.