Ta Ló Ni Orúkọ Tí Ímeèlì Yín Ń Jẹ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú ọ̀nà Agége, ẹ kú sùúrù. Ìtàn tòní dá lórí lẹ́tà ilé iṣẹ́: ibi tó ń gbé, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí àwọn ọdún 1960 tó parí, Guinness ti ń pọn ọtí ní Ọ̀gbà, Cadbury sì ti dé Agídíńgbì. Lórí ìwé tí irú àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń kọ lẹ́tà, ẹ ó rí P.M.B., nọ́ńbà, àti Ikeja. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Lẹ́tà kì í wá sẹ́nu géètì. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ń dúró de ìránṣẹ́ ilé iṣẹ́. Bí wọ́n bá kó láti àdúgbò kan sí èkejì, nọ́ńbà yẹn kò ní láti yí padà.

Ó pẹ́ kí ímeèlì tó kọ́ ọgbọ́n yìí. Ní 1971, Ray Tomlinson lo àmì @ láti so orúkọ èèyàn mọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà tó ń lò. Tí kọ̀ǹpútà bá yí padà, àdírẹ́sì náà bà jẹ́ nìyẹn. Ní 1986 ni wọ́n gbé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MX jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sọ fún gbogbo ayé pé: lẹ́tà tó bá jẹ́ ti orúkọ yìí, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀rọ báyìí. Ẹ lè wá pààrọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, àdírẹ́sì yín ò ní yẹ̀, bí orúkọ bá ṣáà wà lọ́wọ́ yín.

Orúkọ Nàìjíríà pàápàá rìnrìn àjò. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 1995 ni wọ́n forúkọ .ng sílẹ̀, Ìyáàfin Ibukun Odusote ti Yaba College of Technology ló sì ń mójú tó o. Ní 2004, ó bọ́ sábẹ́ NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀. Wọ́n dá NiRA sílẹ̀ ní 2005, NiRA sì gba àkóso rẹ̀ ní 2009. Bí orílẹ̀-èdè bá ń wá ẹni tí yóò di kọ́kọ́rọ́ orúkọ rẹ̀ mú fún ọdún mẹ́rìnlá, ilé iṣẹ́ ńkọ́?

Mo bá ilé iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ lọ́nà Ọ̀gbà. Server lẹ́tà wọn wà nínú yàrá kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, òun pẹ̀lú UPS àti ẹ̀rọ amúlétutù. Iná ségesège ti ba dísìkì rẹ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá fẹ́ kó lọ sórí cloud. Mo ní, "Ọ̀gá wa, ta ló ní password orúkọ yín?" Akáǹtì wo ọ̀gá, ọ̀gá wo ilẹ̀.

Ọmọkùnrin kan ní Otígbà ló bá wọn ra orúkọ náà, orúkọ ara rẹ̀ ló sì fi rà á. Ó ti wà ní Kánádà. Ímeèlì tó fi sílẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ibẹ̀ sì ni ìkìlọ̀ pé owó ọdún ń tán lọ ń wọlé sí. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù. Tí orúkọ náà bá bọ́, tí ẹlòmíì rà á, ẹni náà ni yóò máa gba lẹ́tà àwọn oníbàárà wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Agége la lọ bẹ̀, òun ló fún wa ní nọ́ńbà rẹ̀. Ọmọ náà ò ṣe agídí. Ó ní òun ti gbàgbé ni. Nígbà tó fi gbé orúkọ náà fún ilé iṣẹ́, ó ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyókù rọrùn. A da àwọn lẹ́tà àtijọ́ kọ. A dín àkókò tí ayé fi ń rántí MX àtijọ́ kù sí ìṣẹ́jú márùn-ún, ọjọ́ méjì ṣáájú. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì a yí MX padà, a sì fi server àtijọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó máa gba lẹ́tà tó bá ṣìnà. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ò tiẹ̀ mọ̀ pé a ti kó.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ́fíìsì lọ́la, ẹ má tíì béèrè ibi tí server wà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè orúkọ ẹni tó wà lórí ìwé. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.