Fọ́tò Kòkòrò Láti Ìtòsí

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín lónìí jẹ mọ́ fọ́tò. Kì í ṣe fọ́tò ìgbéyàwó, kì í sì ṣe ti ìsìnkú. Fọ́tò kòkòrò ni. Ẹnìkan nínú yín lè béèrè pé: “Ṣé kòkòrò tó ń jẹ oko wa ni a ó tún máa yà ní fọ́tò?” Ìbéèrè náà dára. Ẹ ní sùúrù díẹ̀, kí á mú ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ojú ènìyàn kò lè rí ohun tó bá kéré jù. Bí ẹ bá mú iná kan jáde nínú irun ọmọ, ẹ ó rí i pé ó ní ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè rí èékánná tó wà lẹ́nu ẹsẹ̀ náà, èyí tí ó fi ń di irun mú. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Robert Hooke rí i. Ó lo awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ní ọdún 1665 ó tẹ ìwé kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ya àwòrán iná sínú rẹ̀, níbi tí iná náà ti gbá irun orí ènìyàn kan mú. Àwòrán náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti ká bébà rẹ̀ kí ó tó lè gba inú ìwé. Ọwọ́ ni Hooke fi yà á. Kò tíì sí kámẹ́rà láyé nígbà náà.

Ọdún 1839 ni wọ́n kéde iṣẹ́ fọ́tò fún gbogbo ayé ní Paris, ní ilẹ̀ Faransé. Daguerre ni orúkọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kéde. Ní àkókò yẹn náà, William Henry Fox Talbot ń ṣe tirẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní nǹkan bí ọdún 1840, Talbot lo awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó sì fi ya fọ́tò ìyẹ́ kòkòrò. Ẹ kíyè sí i: ìyẹ́ nìkan ni. Ní ayé ìgbà yẹn, ohun tí wọ́n bá fẹ́ yà gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Kòkòrò wo ló máa dúró de ènìyàn bẹ́ẹ̀?

Nígbà tó di ọdún 1888, George Eastman ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta kámẹ́rà tí ó pè ní Kodak. Ní ọdún 1900, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé òmíràn jáde, Brownie, àpótí kékeré kan tí wọ́n ń tà ní dọ́là kan péré. Àwọn mẹ̀kúnnù náà wá lè ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ojú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ dà bí ojú àgbàlagbà. Ó ń rí òkèèrè, kò rí ìtòsí. Bí ẹ bá dúró jìnnà díẹ̀ sí ènìyàn, fọ́tò rẹ̀ á mọ́ kedere. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà náà sún mọ́ ewé, gbogbo rẹ̀ á ṣú bàìbàì. Àwọn tó lówó lè ra awò mìíràn láti fi kún ojú kámẹ́rà. Ẹni tí kò lówó kò lè ya kòkòrò. Bí ẹ bá sì wo fọ́tò àtijọ́ ilẹ̀ wa, irú èyí tí Joseph Moïse Agbodjelou ń yà ní Àjàṣẹ́, ènìyàn ni ẹ ó rí níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ àti gèlè wọn. Kòkòrò kì í sanwó fọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí oko. Àwọn àgbà inú yín yóò rántí ìgbà tí gbágùúdá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹ̀gẹ́, ń bàjẹ́ káàkiri. Kòkòrò funfun kékeré kan ni ó fà á. Ó dà bí ẹni pé wọ́n da ìyẹ̀fun sí i lára. Ó ń mu omi ara igi gbágùúdá, ewé orí rẹ̀ á sì súnkì jọ. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Wọ́n rí i ní ilẹ̀ Kóńgò ní ọdún 1973. Nígbà tó di ọdún 1979 ó ti dé Benin àti Nàìjíríà.

Àwọn onímọ̀ wá ronú báyìí: ní ilẹ̀ tí kòkòrò yìí ti wá, ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀tá tí ń pa á, nítorí pé gbágùúdá kò parun níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á lọ mú ọ̀tá náà wá. Wọ́n wá a lọ. Wọ́n rí kòkòrò funfun kan lára gbágùúdá ní apá àríwá gúúsù Amẹ́ríkà, ó jọ tiwa bí ìbejì. Wọ́n mú àwọn ọ̀tá rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá náà kò rí nǹkan kan ṣe sí kòkòrò tiwa. Kí ló dé? Kì í ṣe kòkòrò kan náà ni! Awò ńlá ni ó fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Lẹ́yìn èyí, tibẹ̀ ní akọ àti abo, ṣùgbọ́n abo nìkan ni tiwa, ó sì ń bímọ láìsí akọ.

Ọdún 1981 ni Anthony Bellotti tó rí kòkòrò náà gan-an ní Paraguay. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ọ̀tá rẹ̀ pẹ̀lú, agbọ́n kan tí kò tó hóró ìrẹsì, tí kì í ta ènìyàn. Inú ara kòkòrò funfun náà ni ó ń yé ẹyin rẹ̀ sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú. Wọ́n kọ́kọ́ gbé agbọ́n náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó má baà kó ibi mìíràn wọ̀lú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e wá sí IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni olórí iṣẹ́ náà. Ní ìparí ọdún 1981 wọ́n tú agbọ́n náà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì tàn dé ilẹ̀ púpọ̀ ní Áfíríkà, Benin wà lára wọn. Ní ọdún 1995, Herren gba ẹ̀bùn àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Ebi ń pa ènìyàn, ọdún ń lọ, nítorí pé kòkòrò méjì jọ ara wọn. Èmi kò mọ ìtàn mìíràn tó fi hàn bẹ́ẹ̀ pé ó yẹ kí á wo kòkòrò dáadáa kí á tó wá oògùn rẹ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, kámẹ́rà tí kò lo fíìmù ń tàn kálẹ̀. Ojú rẹ̀ kéré, nítorí náà ó lè rí ìtòsí. Nikon ta ọ̀kan ní ọdún 1999 tí ó lè ya ohun tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 2 péré sí ojú rẹ̀. Lára irú kámẹ́rà kékeré bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí àmì òdòdó kan. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ojú kámẹ́rà yóò mọ̀ pé ìtòsí ni ẹ fẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ fóònù alágbèéká náà lè ṣe iṣẹ́ yìí báyìí.

Ó sì bọ́ sí àkókò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, kòkòrò kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àgbàdo ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà, ó sì wọ Benin àti Tógò lọ́dún náà. Àwọn kan rò pé kòkòrò àtijọ́ tí ń gbẹ́ inú igi àgbàdo ni. Rárá o. Georg Goergen, tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka IITA ní Abomey-Calavi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ síwèé ní oṣù kẹwàá ọdún 2016 pé kòkòrò Amẹ́ríkà ni, tí kò gbé Áfíríkà rí. Nígbà tó di ọdún 2018, ó ti dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì ti dé Íńdíà.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n? Ẹ wo iwájú orí rẹ̀. Lẹ́tà Y wà níbẹ̀, tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ lẹ́tà, ẹ ó kà á! Ẹ tún wo ìdí rẹ̀. Àmì dúdú mẹ́rin wà níbẹ̀, tó dúró bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé. Kòkòrò yìí máa ń sá pamọ́ ní ọ̀sán sí àárín ewé tó ká jọ, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ. Ẹni tó bá fọ́n oògùn ní ọ̀sán gangan, ewé lásán ni ó fọ́n ọn sí, owó rẹ̀ sì ti lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ yà á ní fọ́tò, ẹ lọ ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Kòkòrò kì í yára nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Ẹ má jẹ́ kí òjìji yín bò ó. Ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orúnkún kí ọwọ́ má baà gbọ̀n, kí ẹlòmíràn sì di ewé mú nítorí atẹ́gùn. Ẹ fi hóró àgbàdo kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá rí fọ́tò náà lè mọ bí ó ti tóbi tó. Ẹ ya orí, ẹ ya ìdí, ẹ ya ewé tí ó jẹ.

Kámẹ́rà kékeré kò lè rí ohun gbogbo o. Agbọ́n kan wà tí ń yé ẹyin sínú ẹyin kòkòrò àgbàdo yìí, tí ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ pa á. Ní ọdún 2019 àwọn onímọ̀ kọ ọ́ síwèé pé ó ti wà ní Benin níbí. Gígùn rẹ̀ kò tó mìlímítà 1, awò ńlá ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Nítorí náà, bí fọ́tò kò bá tó, ẹ fi kòkòrò náà fúnra rẹ̀ sínú ìgò kékeré, ẹ da sódàbì líle lé e lórí kí ó má baà jẹrà, kí ẹ sì mú ìgò àti fọ́tò lọ fún òṣìṣẹ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ẹ kọ orúkọ abúlé yín àti ọjọ́ tí ẹ mú un sára ìgò náà.